Ọdún Mẹ́sàn-án Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ọjọ́ Orí Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi ná, ẹ má tíì dá sí i. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé ọjọ́ orí kì í ṣe nǹkan bàbàrà, pé bí ara bá ti le, kí èèyàn máa dúpẹ́. Ó dáa. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ wò mí dáadáa. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. Lórí ìwé, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí. Ọdún mẹ́sàn-án tó wà láàrin méjèèjì, ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ ọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń gé ibi tó rà kúrò lára iṣu. Mi ò mọ̀ pé ibi tó dára jù lára iṣu náà ni mò ń gé dànù, torí ibẹ̀ ni ipò mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ rọra. Mélòó lẹ yọ nínú tiyín?

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé iwájú yín ni ti àbúrò mi, Dúpẹ́. Àwa méjì péré ni màmá wa bí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, ọmọ ẹ̀ á wá gbé e kúrò nílé tí èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé ní McDonough níbí, lẹ́bàá Atlanta, á gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lápá Dacula, níbi tí wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn pa kí àwọn tó wà níbẹ̀ má baà jáde kí wọ́n sọnù. Wọ́n ní orí ẹ̀ ti ń dàrú. Ẹ̀rí tí wọ́n dì mú jù ni pé ó ń sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ni mí. Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Òótọ́ tó sọ ni wọ́n fi ń mú un lọ. Èmi tí mo mọ̀ pé òótọ́ ni, mo dákẹ́.

Kí n tó dé ìlú yìí, mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń béèrè ìwé àgbà lọ́wọ́ àgbà. Nílé wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ayé ni ẹ̀gbọ́n, ó parí. Àwọn ìbejì nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn lọ́jú pọ̀, àwọn náà sì ti yanjú ẹ̀ láàrin ara wọn kí wọ́n tó jáde. Ní Amẹ́ríkà, ibi tí o bá dúró sí ló máa sọ bóyá o ti dàgbà. Ṣọ́ọ̀bù kan tí a ti ń ra aṣọ òkìrìkà, ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni wọ́n fi ń ka èèyàn sí àgbà, ọjọ́ kan péré láàrin ọ̀sẹ̀ sì ni. Ilé kọfí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọgọ́ta. Bọ́ọ̀sì, márùndínláàádọ́rin. Èèyàn lè jẹ́ àgbà lápá ọ̀tún títì, kó sọdá sápá òsì, kó tún di ọmọdé. Senior discount ni wọ́n ń pe nǹkan tí wọ́n fi ń dá àgbà lọ́lá. Bí o bá ti tó, wọ́n á yọ díẹ̀ kúrò nínú owó tó o fẹ́ san. Mo máa ń sọ fún Dúpẹ́ pé ìlú yìí mà mọ àgbà á pọ́n lé, ife kọfí ni wọ́n fi ń kúnlẹ̀ kí i. Á ní kí n rọra sọ̀rọ̀, kí wọ́n má lọ gba kọfí ọ̀hún padà.

Ẹ jẹ́ n mú yín padà sẹ́yìn. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí wa sí. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló mú màmá wa lọ, nítorí náà kí wọ́n tó kú pàápàá, ẹ̀yìn mi ni Dúpẹ́ ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, òun jẹ́ méjì, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì gùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀ bí mo bá pọ̀n ọ́n. Àwọn ará àdúgbò máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn ò mọ ẹni tó pọn ẹnì kejì nínú wa. Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́fà tán, bàbá wa ní agbára òun ò ká ọmọ méjì ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo ní kí wọ́n fi tèmi sílẹ̀ de Dúpẹ́. Mo lọ ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì. Mò ń po ìyẹ̀fun, Dúpẹ́ ń kàwé, títí ó fi jáde, tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ìgbà yẹn ni èmi náà tó lọ kọ́ lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, mo ṣe ìdánwò school cert láàrin àwọn ọmọ tí mo lè bí, mo sì yege. Mo pé ọgbọ̀n ọdún ní ọdún tí káńsù ní àwọn ń gba akọ̀wé, àmọ́ ẹni tó bá ti lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kó má wulẹ̀ yọjú.

Wọ́n júwe ọkùnrin kan fún mi tó máa ń jókòó lábẹ́ agbòòrùn níwájú kóòtù pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹ̀, tó ń bá èèyàn tẹ ìwé ìbúra ọjọ́ orí. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Mélòó ni ká yọ, màdáámù?" bí ẹni ń béèrè bóyá kí òun fi ata sí i. Mo ní márùn-ún. Ó ní márùn-ún kéré, pé bó bá dọ̀la tí wọ́n tún yí òfin padà, ọ̀dọ̀ òun náà ni màá tún sá wá. A jọ ná an títí, a dúró sí mẹ́sàn-án. Mo wọ kóòtù lọ́jọ́ náà ní ẹni ọgbọ̀n ọdún, mo búra, mo jáde ní ẹni ọdún mọ́kànlélógún. Dúpẹ́ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà yẹn. Mo kọjá lára ẹ̀ lójú ọ̀nà, mi ò tiẹ̀ rí i pé òun ni.

Mo ṣe iṣẹ́ káńsù ọ̀hún. Mo fẹ́ ọkọ, Ọlọ́run kò fún wa lọ́mọ, ọkọ náà kú. Dúpẹ́ ti dé Amẹ́ríkà ní tiẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ti di ọmọ ìlú, ó ní òun ò ní fi ẹ̀gbọ́n òun nìkan sílẹ̀. Ó kọ̀wé pè mí. Ọjọ́ tó gba ẹ̀dà ìwé mi lọ́wọ́ mi tó fi máa kún fọ́ọ̀mù, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti di àbúrò mi. Ìwé yín ní ọdún márùn-ún ni mo fi jù yín lọ." A rẹ́rìn-ín títí owó orí fóònù fi tán. Nígbà tó tún pè padà, mo ní ṣé kí n kúnlẹ̀ kí i ni. Ó ní kí n dúró kí n dé ná. Mo lè tún un ṣe nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ káńsù ni mò ń jẹ, ọjọ́ orí irọ́ yẹn ló gbé mi wọbẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí pé ẹni tó bá tú okùn kan, gbogbo ẹrù ló máa wó lé e lórí. A jọ fọwọ́ sí i, èmi nílé, òun ní Amẹ́ríkà.

A dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kàn mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ní Èkó ní ẹ̀rín lẹ́nu. Ó ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo búra. Ó ní ẹni tó kọ̀wé pè mí, kí ló jẹ́ sí mi? Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó ní ṣé a sún mọ́ ara wa? Ẹ̀yin èèyàn mi, bẹ́ẹ̀ ni tó ì bá tó o. Mo ti rí i pé ó fẹ́ràn mi, mo wá fẹ́ jẹ́ kó dùn. Mo ní, "Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo dàgbà sí. Òun ló pọ̀n mí." Ó tẹ ìwé mi ní òǹtẹ̀. Iye ọdún tí mo pè, ìwé ló kọ́kọ́ pa irọ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yẹn, ẹnikẹ́ni ò bi mí. Èmi ni mo gbé ẹrù tí mo rù, tí mo fi í lé ọmọ tí mo rù lórí.

Ọdún kẹwàá rèé tí mo dé. Dúpẹ́ àti Tẹ́ní, ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo, ni wọ́n wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Ibí ni wọ́n bí Tẹ́ní sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ díẹ̀, ohùn ẹ̀ ni kì í sọ̀ kalẹ̀ síbi tó yẹ. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Welcome, Aunty. Mummy's baby sister." Mo wo Dúpẹ́, Dúpẹ́ wo bàtà ẹ̀. Àṣé ó ti sọ fún ọmọ láti kékeré pé àbúrò òun ni mí, kí ọmọ má baà lọ fọnu níbi tí kò yẹ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé níwájú èèyàn, èmi ń pe Dúpẹ́ ní "ẹ̀yin", òun ń pè mí ní "ìwọ". Ó ń fi orúkọ pè mí, orúkọ tí kò là mọ́ mi lórí rí láyé ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni Màmá, èmi ni Aunty. Òun ń jókòó níwájú pẹ̀lú àwọn àgbà, èmi wà ní kíṣíìnì, mò ń bu ìrẹsì fún wọn.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tó sọ pé, "Gbé omi wá fún mi," lójú gbogbo wọn, mo gbé e wá, mo sì fi orúnkún kan kanlẹ̀ kó lè pé. Nígbà tí a délé, ó wa mọ́tò wọ gáráàjì, ó tẹ bọ́tìnnì, ilẹ̀kùn gáráàjì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wa. Kí n tó gbé ẹsẹ̀ kejì jáde nínú mọ́tò, ó ti kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Mo ní kó dìde, pé epo mọ́tò wà nílẹ̀, á ba búbà ẹ̀ jẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ Àìkú tí kì í kúnlẹ̀ ní gáráàjì. Nígbà tí orúnkún tiẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó ra tìmùtìmù kékeré kan tó ń gbé sínú búùtù. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun nìkan ni Kristẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ wà nínú gáráàjì. Á rẹ́rìn-ín, á ní kí n ṣáà gbàdúrà fún òun. Màá gbé ọwọ́ lé e lórí, màá súre fún un, a óò wá wọlé lọ gbé ọbẹ̀ kaná. Bí a ṣe ń san gbèsè ọ̀wọ̀ nìyẹn, Tẹ́ní kò mọ̀, Pásítọ̀ kò mọ̀.

Iṣẹ́ warehouse, ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá, ni mo rí. Ní McDonough níbí, bí o bá ju òkúta, warehouse ló máa bà. À ń di ẹrù sínú páálí, à ń dúró láti òwúrọ̀ títí shift á fi parí. Àwọn ọmọ tí a jọ ń ṣe é, ọmọ ogún ọdún ni wọ́n. Wọ́n á ní, "Aunty, you're strong for sixty." Mo máa ń ní kí wọ́n dúró kí n pé àádọ́rin, wọ́n á rí agbára. Ọdún méjì sẹ́yìn, Dúpẹ́ pé márùndínláàádọ́rin. Ó ti fẹ̀yìn tì, ìjọba ń tọ́jú ara ẹ̀, wọ́n ń sanwó fún un lóṣooṣù. Tẹ́ní tó ń gbé ní Dacula ní kí á wá, ó gbé wa lọ sí mall ní Buford, ó ní àwọn fẹ́ bá Mummy ṣàjọyọ̀ pé ó ti di senior. A wọ ilé oúnjẹ kan. Ọmọbìnrin tó ń gba owó wo èmi, ó wo Dúpẹ́, kò béèrè nǹkan kan, ó yọ owó àgbà fún àwa méjèèjì. Ọkàn mi tutù. Mo rò ó nínú ara mi pé ẹ wò ó, àjèjì ojú lásán ni, ó rí mi. Tẹ́ní ní, "Oh no, just my mom. Aunty's only sixty." Ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ sáyà, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé òun ò mọ ohun tó ṣe òun lójú. Ó ń bẹ̀bẹ̀ nítorí pé ó rí òótọ́. Mo yọ kádì mi, mo fi hàn án, bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Tẹ́ní ń rẹ́rìn-ín. "Aunty, that job is aging you o." Mo ní kó má dààmú, pé ojú mi ló sáré ṣíwájú, ìyókù ara ń bọ̀ lẹ́yìn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín àfi Dúpẹ́. Kò jẹun náà. A dé gáráàjì lọ́jọ́ yẹn, kò mú tìmùtìmù, orí sìmẹ́ńtì ló kúnlẹ̀ sí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ìkòkò kaná, ó gbàgbé. Ó páàkì mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù, kò rí i mọ́. Ọjọ́ kan, ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ẹ̀ àtijọ́, ó wa mọ́tò lọ síbi tó ti fẹ̀yìn tì. A jọ ń rọra mú un, mo ní gbogbo wa là ń gbàgbé nǹkan, pé èmi náà gbàgbé ọdún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú kan, ìsìn ti parí, mò ń bu oúnjẹ, mo rí Dúpẹ́ tó dìde láàrin àwọn àgbà, ó gba àárín gbogbo èèyàn kọjá, ó wọ kíṣíìnì, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ jókòó. Kò dáa kí n jókòó kí ẹ máa dúró." Ó sì kúnlẹ̀ síbẹ̀, nínú omi abọ́. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká mú yín padà sáàyè yín," pẹ̀lú ohùn tí èèyàn fi ń tan ọmọdé jẹ oògùn. Èmi náà dì í lápá mú, mo bá wọn mú un padà. Láti ìgbà yẹn kò mọ ibi tó yẹ kó ti kúnlẹ̀ mọ́. Ó kúnlẹ̀ ní ibi tí a ti ń ra oògùn, ó kúnlẹ̀ níwájú ilé nígbà tí aládùúgbò ń wò wá. Gáráàjì ló gbàgbé, kò gbàgbé ìkúnlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé irọ́ tí a jọ ń pa nìkan ló jáde lórí ẹ̀, ṣé àìsàn la ó máa pe ìyẹn?

Tẹ́ní mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ní kí n tẹ̀ lé àwọn. Dókítà náà, obìnrin oníwà tútù, ní kí Dúpẹ́ ya aago. Ó yà á, ó fi ọwọ́ aago síbi tó yẹ. Ó bi í ní oṣù tí a wà, ìyẹn ló ṣì. Ó ní kó rántí ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó rántí ẹyọ kan. Dókítà wá nawọ́ sí mi, ó ní, "Ta ni obìnrin yìí?" Ojú Dúpẹ́ là bí ọmọ ilé ìwé tó rí ìbéèrè tó mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. My senior sister. Òun ló pọ̀n mí dàgbà." Tẹ́ní gbọn orí díẹ̀, ó rọra sọ fún dókítà pé àbúrò ni mí, ọdún márùn-ún ni Mummy fi jù mí lọ. Dókítà yíjú sí mi. Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ibẹ̀ gan-an ni ibi tí mo ti ṣẹ̀. Ẹ gbàgbé ti kóòtù, ẹ gbàgbé ti Èkó. Ní Èkó, irọ́ ni mo pa fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Níbí, ọwọ́ àbúrò mi wà nínú ọwọ́ mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà. Àbúrò rẹ̀ ni mí." Dúpẹ́ wò mí. Kò bínú. Ó rọra yọ ọwọ́ ẹ̀, ó gbé e sórí itan ara ẹ̀, ó ń wo ọwọ́ náà. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí èèyàn gbàgbé oṣù, ìyẹn kò tíì burú, ṣùgbọ́n bí èèyàn kò bá dá ìyekan ẹ̀ mọ̀ mọ́, kò yẹ kó máa dá wà nílé. Èmi sì rèé, shift kò jẹ́ kí n wà nílé. Ó ku ọdún mẹ́ta kí ìwé mi tó jẹ́ kí n sinmi. Ká ní ọjọ́ orí tí Ọlọ́run fún mi ni mò ń lò, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ǹ bá ti jókòó ti Dúpẹ́, tí èmi àti ẹ̀ á jọ máa mu kọfí àgbà kiri Atlanta.

Tẹ́ní kì í ṣe ọmọ burúkú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó wá ibi tó dáa. Ó rí ọgbà kan lẹ́bàá ilé ẹ̀, tó ní yàrá méjì méjì tí àwọn àgbà tó jẹ́ tẹbí lè jọ gbé, tí nọ́ọ̀sì á máa yà wò wọ́n. Ó pè mí, inú ẹ̀ dùn, ó ní, "Aunty, you and Mummy can stay together." Ní ọjọ́ kejì ó tún pè, ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì pé márùndínláàádọ́rin kò lè gbé níbẹ̀. Ó ní, "Ká ní ẹ ti dàgbà díẹ̀ sí i ni, Aunty." Mo dúró ní àárín warehouse, mo di fóònù mú, mo ní, "Ó mà ṣe o." Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrègbè. Tèmi rèé, kò tó pẹpẹ, kò wọ kèrègbè. Ìhà kejì ọgbà náà, níbi tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, ni wọ́n á wá mú Dúpẹ́ nìkan lọ.

Ẹ ní kí n sọ òótọ́. Ó rọrùn lẹ́nu yín. Bí mo bá sọ ọ́, tí ó dé etí àwọn tó fún mi níwèé ìgbélùú, wọ́n lè ní kí n máa lọ sílé. Ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ilé ta? Fọ́ọ̀mù tí mo fi wọ̀lú náà, ọwọ́ Dúpẹ́ ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ṣé màá gba obìnrin tí ara ẹ̀ kò dá kúrò lọ́wọ́ ilẹ̀kùn títì, kí n wá fi í lé ọwọ́ agbẹjọ́rò? Bí mo bá sì dákẹ́, á wà níbẹ̀, á máa sọ òótọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì lójoojúmọ́, wọ́n á máa fún un lóògùn sí i. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ti lé ní ogójì. Òótọ́ ti bá a, ó ti kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀, èmi ni mo yí ojú kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń wá iṣẹ́, tí ọkùnrin abẹ́ agbòòrùn ń bi í pé mélòó ni ká yọ, ẹ sọ fún un pé kò sí ẹni tó ń yọ ọjọ́ orí ara ẹ̀ nìkan. Ti ẹni tó tẹ̀ lé e ló máa yí padà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, etí mi wà níbí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá mi lóhùn, ẹ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn.

Ọ̀sán Sátidé tó kọjá, a wà nílé Tẹ́ní ní Dacula, nídìí tábìlì. Tẹ́ní wà níbẹ̀, àti Kúnlé, ọkọ ẹ̀, àti obìnrin kan láti ilé ìtọ́jú náà tó mú fọ́ọ̀mù wá. Obìnrin náà dé ibi tí wọ́n ń kọ tẹbí sí. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "And this is the younger sister?" Tẹ́ní ní bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Dúpẹ́ dìde. Ó wo ilẹ̀ yíká bí ẹni ń wá nǹkan, ó fa tìmùtìmù kan yọ lórí àga, ó gbé e síwájú ẹsẹ̀ mi, ó kúnlẹ̀ lé e. Tẹ́ní ti ń sunkún. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Àbúrò yín ni. Aunty is your àbúrò." Kúnlé fẹ́ gbé e dìde, ó fi ọwọ́ dá a dúró, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń dá aláìsàn dúró. Kò wò mí. Ọmọ ẹ̀ ló yíjú sí, ohùn ẹ̀ sì já gaara bí ti ìgbà tí kò tíì gbàgbé nǹkan kan. Gègé obìnrin yẹn dúró lórí ìwé. Ó ní:

"Tẹ́ní, ìwọ lo mọ̀wé. Bi í léèrè fún mi. Nínú èmi àti òun, ta ló pọn ẹnì kejì?"